Ẹ̀rọ Tó Ń Tú Egbò: Iṣẹ́ Ìrànlọ́wọ́ Orí Fóònù àti Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Gbọgbẹ́

Olùbánisọ̀rọ̀ òní kí àwọn kan tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí wọn kò ní na ọwọ́ sókè bí wọ́n bá bèèrè ẹni tí ohun tó dá ọgbẹ́ sí ọkàn ti ṣẹlẹ̀ sí rí. Àwùjọ kì í tó báyìí kí irú wọn má sí níbẹ̀. Nítorí wọn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ṣe wáyé.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé wá. Ǹjẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ran ènìyàn lọ́wọ́ lè fúnra rẹ̀ ṣe ẹni náà léṣe?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ó lè ṣe é, ó sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Ẹni tó kọ áàpù irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọmọlúàbí ènìyàn. Ẹni tó ní lọ́kàn nígbà tó ń kọ ọ́ ni ìṣòro wà: ẹni tí ara rẹ̀ yá, tó ní fóònù tirẹ̀, tí dátà kún inú rẹ̀, tó dá jókòó sínú yàrá tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Èrò tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró lé ni pé ẹlòmíràn ló yẹ kí wọ́n fi wọn iṣẹ́ náà, ìyẹn ẹni tí àṣìṣe kékeré yóò ná ní ohun ńlá. Bí ó bá gba ti ẹni yẹn, yóò gba ti gbogbo ayé.

1. Kí ni ọgbẹ́ ọkàn, ta sì ni ó kàn?

Ní 2014, SAMHSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera ọpọlọ àti ìṣòro oògùn olóró, tẹ ìwé kan jáde tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí kò tíì gbé jù sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé náà gbà wo ọgbẹ́ ọkàn: ohun tó ṣẹlẹ̀, bí ó ṣe rí lára ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, àti ohun tó ṣẹ́ kù sí i lára nígbà tí gbogbo ayé rò pé ó ti tán. Ẹ fojú sí ti àárín. Ọmọ ìyá méjì lè jọ wà nínú bọ́ọ̀sì kan náà tó dojú dé ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀kan ti padà sọ́jà, èkejì kò tíì lè gbọ́ kí táyà ké kí àyà rẹ̀ má já. Fọ́ọ̀mù tó bá bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà, ní ohùn kan náà, ti ṣẹ ọ̀kan nínú wọn.

Ìwé yẹn kan náà gbé ojúṣe mẹ́rin lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́: kí ó gbà pé ọgbẹ́ ọkàn pọ̀ láàárín àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó mọ àmì rẹ̀, kí ó fi ìmọ̀ náà sínú ìlànà àti ìṣe rẹ̀, kí ó sì rí i pé òun kò tún ọgbẹ́ náà dá. Ẹ̀kẹrin yìí ni ọ̀rọ̀ òní.

Bí ọgbẹ́ ṣe ń tún dá kò le rárá. Ìrántí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà tò lẹ́sẹẹsẹ. Òórùn ibẹ̀ á wà, àwọ̀ aṣọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi náà á wà, àmọ́ ọjọ́ àti aago á ti sọnù. Ẹ wá wo fọ́ọ̀mù tó ní kí obìnrin tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí kọ ọjọ́, kí ó kọ aago, tó sì fi lẹ́tà pupa bá a wí nígbà tó fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo. Lójú ẹ̀rọ, àyè kan ló ṣófo. Lójú obìnrin tó ń kọ ọ́, ẹnìkan tún ti pè é ní òpùrọ́.

Ta wá ni a lè pè ní ẹni tí ewu wà lórí rẹ̀? Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ fẹ́ràn láti fi orúkọ ẹgbẹ́ dáhùn: opó, aláàbọ̀ ara, arúgbó, ẹni tó sá kúrò nílùú. Orúkọ wọ̀nyí wúlò, àmọ́ wọ́n kéré sí ọ̀rọ̀ náà. Láàárín 1995 sí 1997, àwọn oníṣègùn ní San Diego bi ènìyàn tó lé ní 17,000 léèrè nípa ìyà tó jẹ wọ́n ní kékeré, ìwádìí tí orúkọ Vincent Felitti àti Robert Anda mọ́ títí dòní. Ènìyàn tó ní adójútòfò ìlera ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì rí já jẹ. Síbẹ̀, nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta wọn ló sọ pé ó kéré tán, ọ̀kan nínú àwọn ìyà tí wọ́n kà fún wọn ti jẹ wọ́n rí. Àkókò kan ni ewu yìí máa ń jẹ́ nígbà mìíràn. Ọ̀gá báńkì tó gba ìròyìn ikú ní àárọ̀ yìí lè má rántí PIN rẹ̀ mọ́ bí ó bá di ọ̀sán.

2. Ẹ̀rọ tó ń mú ènìyàn tún un sọ

Yorùbá ti ní ìlànà tirẹ̀ lórí bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tó ń dunni. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, wọn kì í ṣàdédé já a lu ìyá òkú. Wọ́n á wá àgbà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á kọ́kọ́ ní ara ẹni náà kò yá, wọ́n á rí i pé ènìyàn wà nítòsí tó lè di olófọ̀ mú, kí wọ́n tó túfọ̀. Ta ni yóò gbọ́, ìgbà wo ni yóò gbọ́, ẹnu ta ni yóò ti gbọ́ ọ: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti rò kí wọ́n tó kúrò nílé. Àgbékalẹ̀ ni wọ́n ń ṣe yẹn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rọ ṣe. Ní ìparí 2014, Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán ọdún jọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ó sì ń kí wọn kú ọdún tó lárinrin. Eric Meyer, ọ̀kan nínú àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ ṣíṣe ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, ṣí tirẹ̀. Àwòrán ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó kú ní oṣù kẹfà ọdún náà, ló yọ sí i, pẹ̀lú àwòrán àwọn tó ń jó àti bàlúùnù yí i ká. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ìkà. Ohun tó kọ ni pé kò sí ẹni tó gbèrò ibi. Pé àwọn tó kọ ọ́ kàn ní ẹni tí ọdún dùn fún lọ́kàn ni. Ọ̀gá iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì. Ní 2016, Meyer àti Sara Wachter-Boettcher kọ ìwé kan, èrò inú rẹ̀ sì ni pé kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ yé ka ẹni tó wà nínú ìbànújẹ́ sí ẹni ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí wọ́n lò ó láti dán iṣẹ́ wò.

Ti Facebook jẹ́ àìròtẹ́lẹ̀. Èyí tó kàn, ìjọba ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sínú òfin.

Ní oṣù kẹrin 2017, òfin kan bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò jẹ́ kí ìjọba san owó ìrànwọ́ fún ọmọ kẹta nínú ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gba owó ìjọba nígbà náà. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀, lára wọn ni obìnrin tó lóyún ọmọ náà nípasẹ̀ ìfipábánilòpọ̀. Kí ó tó rí owó náà gbà, ó ní láti kún fọ́ọ̀mù kan, kí ó buwọ́ lù ú, kí ó sì gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tí yóò jẹ́rìí sí i. Ó tún ní láti sọ pé òun kò gbé pẹ̀lú ọkùnrin náà mọ́. Ẹ dúró lórí gbólóhùn yẹn. Obìnrin tí ewu rẹ̀ pọ̀ jù, tó ṣì wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣe é, ni fọ́ọ̀mù náà ti ìlẹ̀kùn mọ́. Èyí tó sì ti jáde ní láti fi orúkọ ọmọ rẹ̀ àti ohun tí wọ́n ṣe fún un sórí ìwé kan náà, nítorí owó oúnjẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá àpẹẹrẹ ìrànlọ́wọ́ tó ń ṣeni léṣe, kò tún ní láti rìn jìnnà.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó dára ti wà tipẹ́. Ní 2013, Mirabel Centre ṣí ilẹ̀kùn nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, ilé ìtọ́jú irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fún àwọn tí wọ́n fipá bá lòpọ̀. Ìtọ́jú ara àti ti ọkàn wà lábẹ́ òrùlé kan náà níbẹ̀, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá. Ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń dín kù ni ìrìn àti ẹnu: kí ènìyàn má rojọ́ fún aṣọ́nà, kí ó tún rojọ́ fún akọ̀wé, kí ó tún un rò fún nọ́ọ̀sì, kí ó tó kan dókítà. Ohun tí wọ́n fi bíríkì ṣe yẹn ṣe é fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí fọ́ọ̀mù òkè yìí ti jáde ni iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tell Us Once náà ti jáde ní 2011: bí ènìyàn bá kú, ẹbí rẹ̀ á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ́fíìsì ìfẹ̀yìntì, ti owó orí, ti ìwé ìrìnnà àti ti ìwé ìwakọ̀ á sì gbọ́. WCAG, ìlànà tí gbogbo ayé fi ń wọn ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì, fi í sínú ẹ̀dà rẹ̀ ti 2023 pé ohun tí ènìyàn bá ti kọ lẹ́ẹ̀kan nínú iṣẹ́ kan, kí ẹ̀rọ má tún bi í ní ìbéèrè rẹ̀ mọ́ láìnídìí.

3. Ẹ̀rọ tó ń kánjú, tó ń bèèrè ẹ̀rí

Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í yára kàwé. Ó lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ gbogbo ẹni tó ti tẹ kóòdù báńkì rí ló mọ bí ó ṣe máa ń já lójijì, tí ènìyàn á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Fún ọlọ́jà tí ara rẹ̀ le, ìbínú díẹ̀ ni. Fún ẹni tó fi ìgboyà ọ̀sẹ̀ kan mú fóònù, ó lè má padà síbẹ̀ mọ́. WCAG ti ní ìlànà lórí èyí náà láti 2008: bí àkókò bá ní òpin, kí ẹ̀rọ kìlọ̀, kí ó sì jẹ́ kí oníbàárà fi kún un.

Ìkánjú ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rí. Ọsirélíà ló kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Láti nǹkan bí 2015, ìjọba ibẹ̀ lo ẹ̀rọ láti wá àwọn tó gba owó ìrànwọ́ jù. Ọgbọ́n ẹ̀rọ náà kò jinlẹ̀: ó mú owó tí ènìyàn rí ní ọdún kan láti ọ̀dọ̀ àwọn agbowó orí, ó pín in dọ́gba sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ọdún náà, ó sì fi wé ohun tí ẹni náà sọ pé òun ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi oṣù mẹ́ta ṣiṣẹ́ tó sì jókòó sílé ní oṣù mẹ́sàn-án di ajigbèsè lójú rẹ̀. Lẹ́tà á wá bá a pé kí ó lọ wá ìwé owó oṣù ọdún pípẹ́ jáde, kí ó fi hàn pé òun kò jẹ ìjọba. Orúkọ tí àwọn ará ìlú sọ ọ́ ni Robodebt.

Ní 2020, ìjọba kéde pé òun yóò dá owó tó lé ní mílíọ̀nù 700 dọ́là Ọsirélíà padà fún nǹkan bí 373,000 ènìyàn. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Catherine Holmes ṣe alága rẹ̀ jábọ̀ ní oṣù keje 2023, ó sì dá ètò náà lẹ́bi láti ìpìlẹ̀. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn gba ẹ̀mí ara wọn lẹ́yìn tí lẹ́tà gbèsè dé wà lára àwọn tó jẹ́rìí níwájú rẹ̀.

Báwo ni èyí ṣe kan àgbékalẹ̀? Ẹni tó ṣe é pinnu pé ẹ̀rọ ni yóò fẹ̀sùn kàn, pé ènìyàn ni yóò wá ẹ̀rí, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ó ti wá a. Ìpinnu mẹ́ta péré, kò sì sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó ní ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tí kò nílé tàbí ẹni tí ìwé rẹ̀ ti ṣòfò lọ́kàn.

4. Ojú, etí àti èdè

Ìpele yìí kò ní gùn, nítorí òfin ti sọ ọ́. Ní oṣù kìíní 2019, wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, àwọn áàpù kan ń bẹ tí afọ́jú tó ń fi ohùn fóònù kàwé kò lè dé ìdí bọ́tìnì kejì, nítorí àwòrán lásán ni bọ́tìnì náà, kò sí ẹni tó kọ orúkọ sí i. Odi sì tún wà níbi èdè. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó mọ ìṣirò ọjà ju ọmọ yunifásítì lọ á dúró gbọnrangandan níwájú fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà kan tí ènìyàn lè pè, tí ohùn Yorùbá tó mọ́ gaara á dá a lóhùn, á ṣe fún un ju áàpù tó ń dán yanran lọ.

5. Fóònù ta ni?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù nílé wa, nítorí fóònù kì í sábà jẹ́ ti ẹnìkan ní tòótọ́. Ọmọ ń fi ṣe géèmù, ọkọ mọ páásíwọ̀ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n ló fi orúkọ rẹ̀ gba síìmù. Ní oṣù kejìlá 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo nọ́ńbà so mọ́ NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2022, wọ́n dí ìpè lórí nọ́ńbà tó lé ní mílíọ̀nù 70 tí kò tíì so. Ẹ mú obìnrin kan tó sá kúrò lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ ní òru. Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ ló fi NIN ara rẹ̀ gba síìmù obìnrin náà, ọwọ́ ọkọ ni kọ́kọ́rọ́ owó báńkì obìnrin náà wà, torí orí síìmù yẹn ni OTP, kóòdù tí báńkì fi ń dá ènìyàn mọ̀, ń wọlé sí. Ààbò tí wọ́n ṣe nítorí olè ti di ẹ̀wọ̀n fún òun.

Bí kò bá sì ní fóònù tó lè ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé akọ̀wé kọ̀ǹpútà ládùúgbò ló kù. Ọmọkùnrin tó ń bá ènìyàn tẹ̀wé á bi í sókè, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má bo ohùn rẹ̀: «Màmá, ta ló lù yín?» Ènìyàn mẹ́rin tó ń dúró de fọ́tókọ́pì á yí ojú padà. Fọ́ọ̀mù náà lè ní ìdáàbòbò tó lágbára jù láyé. Ọ̀rọ̀ ti jáde kí ó tó wọ inú rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rò ó dé ibì kan. Láti 2023, àwọn tó ń ṣe ojúewé ìjọba níbẹ̀ ní bọ́tìnì ìsálọ kan lọ́wọ́ fún àwọn iṣẹ́ tó kan ìwà ipá inú ilé. Bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́, tàbí tó tẹ Shift lẹ́ẹ̀mẹta lórí kọ̀ǹpútà, ojúewé náà á parẹ́, ìròyìn ojú ọjọ́ BBC á sì yọ. Ó dára, àmọ́ kò tó, àwọn tó ṣe é fúnra wọn sì kìlọ̀ bẹ́ẹ̀: kì í pa ìtàn ibi tí ènìyàn ti dé rẹ́ nínú ẹ̀rọ. Fóònù wa kò sì ní Shift tó hàn síta. Lórí fóònù kékeré, kóòdù tí ènìyàn tẹ̀ lè wà láàárín àwọn ìpè rẹ̀, èsì rẹ̀ á sì jókòó sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Èkó tàbí Àkúrẹ́ kọ́kọ́ bèèrè àkókò tí wọ́n lè pe obìnrin náà láìséwu, kí ó sì rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ «ìwà ipá» nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìtìjú ṣe ohun èlò. Samuel Johnson ròyìn ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: ẹni tí olówó rán lọ jókòó ti ajigbèsè nílé rẹ̀, tó ń pariwo, tó ń mú adìẹ ilé, títí wọn á fi san án. Ológò kì í kọjá ilé kan ní ìjókòó kan. Àwọn áàpù ayánilówó tó gbòde lásìkò Kòrónà kò mọ ààlà yẹn. Wọ́n gba àyè wọ inú orúkọ tó wà nínú fóònù, nígbà tí ọjọ́ owó bá sì yẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí àna, sí pásítọ̀, sí ọ̀gá iṣẹ́, pé olè ni lágbájá. Ní oṣù kẹta 2022, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó. Nígbà tó di òpin oṣù karùn-ún 2023, Google kò jẹ́ kí áàpù ayánilówó gba àyè sí orúkọ àti àwòrán inú fóònù mọ́. Ẹ kíyè sí i pé ohun tó gba àwọn ajigbèsè sílẹ̀ jẹ́ àtúnṣe sí àgbékalẹ̀: Google mú àyè kan kúrò, ohun ìjà sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn áàpù náà.

6. A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Bí ìdáhùn sí ìbéèrè òní bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ lè ṣeni léṣe, èyí tó kàn ni ẹni tí yóò mọ̀ kí ó tó ṣe é. Kò lè jẹ́ ẹni tó kọ áàpù nìkan. Chayn, ẹgbẹ́ tí Hera Hussain dá sílẹ̀ ní 2013, fi èyí ṣe ìpìlẹ̀: àwọn obìnrin tó ti la ìwà ipá kọjá wà lára àwọn tó ń kọ ohun tí wọ́n ń gbé jáde, wọ́n sì ti tẹ ìlànà wọn síta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó. Ohun kékeré ni ènìyàn máa ń gbọ́ lẹ́nu irú wọn, ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ kò ní ronú kàn. Àpẹẹrẹ kan wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta òdòdó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Bloom & Wild: ní 2019, wọ́n bi oníbàárà wọn bóyá ó fẹ́ kí wọ́n yọ òun kúrò nínú ìpolówó ọjọ́ àwọn ìyá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá kò sì ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀gá máa ń bèèrè iye tí gbogbo èyí yóò náni. Ìbéèrè tó tọ́ ni, Ọsirélíà sì ti fi owó tó lé ní mílíọ̀nù 700 dọ́là rẹ̀ dá a lóhùn. Àmọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò fẹ́ fi owó ìtanràn nìkan dẹ́rù bani. Ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tó jókòó síbí kò wọ́n. Kí kóòdù tàbí áàpù tuntun kan tó jáde, kí wọ́n gbé e fún àwọn tí yóò kàn jù, lórí fóònù tí àwọn yẹn ń lò, níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Kí òṣìṣẹ́ tó mọ ìtọ́jú ọkàn wà níbẹ̀. Kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún wọn bí wọ́n ṣe ń sanwó fún onímọ̀ ẹ̀rọ. Owó ọkọ̀ àti ẹlẹ́rìndòdò kì í ṣe owó iṣẹ́. Kí wọ́n sì fún wọn ní agbára láti dá iṣẹ́ dúró: bí wọ́n bá ní kí ìbéèrè kan kúrò, kí ó kúrò kí áàpù tó dé ọwọ́ ará ìlú, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í sílẹ̀ di àtúnṣe ọdún tó ń bọ̀.